Ìjà Tó Ní Ọpọlọ: Bí A Ṣe Ń Sọ Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Di Fíìmù Oníjà

Ní nǹkan bí ojú ìwé ogójì ni ìwé eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ máa ń dàrú. Títí dé ibẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa ń wo ilẹ̀, ó ń bi èèyàn ní ìbéèrè, ó ń fimú gbọ́ òórùn tábà lára aṣọ afurasí. Ẹni tó fẹ́ náwó sí fíìmù náà wá kà á, ó ní ìjà kò sí níbẹ̀. Òǹkọ̀wé padà sílé, ó fi ìlépa kan sí i, ó fi ìbọn méjì sí i, ó kó géńdé mẹ́fà sí i. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò ronú mọ́, ó kàn ń lu èèyàn kiri ni. Nígbà tó bá wá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré parí, á dìde dúró láàárín pálọ̀, á máa ṣàlàyé bí gbogbo rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀, bíi tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ìdánwò ku ọ̀la.

Mo ti kọ irú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí a kà á sétí àwọn òṣèré, ẹnì kan ń hanrun níbi àlàyé náà, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mò ń kà á.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi hàn yín: nínú fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹ̀ṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa béèrè nǹkan. Fíìmù tí a ó fi kọ́ṣẹ́ ni èyí tí Guy Ritchie darí lórí Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ní 2009, tí Robert Downey Jr. ṣe Holmes, tí Jude Law ṣe Watson, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìtàn tí a ó fi ọwọ́ ara wa gé ni The Adventure of the Speckled Band, ìtàn kúkurú tí Arthur Conan Doyle tẹ̀ jáde ní 1892. Bí ẹ kò bá tíì kà á, ẹ lọ kà á ná, nítorí màá sọ bó ṣe parí.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

– Ìtàn tí òfin kò dè mọ́. Conan Doyle kú ní 1930. Ní Nàìjíríà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ni ìwé rẹ̀ ń bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ayé, nítorí náà ìwé gígùn mẹ́rin àti ìtàn kúkurú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tó kọ lórí Holmes ti bọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni èyí tó kẹ́yìn nínú wọn tó bọ́. Ẹ ṣọ́ra o: Lord Blackwood, ọ̀daràn inú fíìmù 2009, àti ẹ̀rọ májèlé tó gbé sábẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò sí nínú ìwé Conan Doyle kankan. Àwọn tó ṣe fíìmù 2009 ló dá wọn sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Bó bá sì jẹ́ Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ló wù yín, 1969 ni Àjà Ló Lẹrù jáde. Kò tíì pé àádọ́rin ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pàápàá, ẹ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

– Ìtàn kúkurú, kì í ṣe ìwé gígùn. Ìwé gígùn á ní kẹ́ ẹ máa gé. Ìtàn kúkurú á fi àyè sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa fi kún un.

– Páálí kéékèèké bí ogójì àti bírò pupa kan.

– Fíìmù 2009 náà, tí ẹ ó wò lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ohùn, ẹ̀ẹ̀kan láìsí ohùn.

– Aago orí fóònù, àti ẹnì kan tí kò tíì ka ìtàn náà rí. Ẹ má sọ nǹkan kan fún onítọ̀hún. A ó nílò rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn.

Ìpele 1: Ẹ wá ìjà tó ti wà nínú ìwé

Àwa òǹkọ̀wé a máa rò pé ìwé àtijọ́ kò lágbára nínú, pé àwa la ó wá fi agbára sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tí Holmes ti kọ́kọ́ jáde, ní 1887, Watson to ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó mọ ọ̀pá lò, ó mọ ẹ̀ṣẹ́ kàn, ó mọ idà lò. Nínú ìwé tó tẹ̀ lé e, ní 1890, ọlọ́dẹ kan tó ti jẹ́ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò rí kò gbà kí Holmes wọlé, àfi ìgbà tí Holmes rán an létí pé àwọn méjèèjì ti jọ kan ẹ̀ṣẹ́ ráúǹdì mẹ́ta rí. Níbòmíràn, Holmes bá jàǹdùkú kan jà ní ilé ọtí abúlé, wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé jàǹdùkú náà relé. Gbólóhùn kan, gbólóhùn méjì ni Conan Doyle fi sọ gbogbo ìyẹn, ó sì kọjá lọ. Nígbà tí àwọn kan ń pariwo pé Ritchie ti sọ Holmes di ọmọ ìta, mo rántí kẹ̀kẹ́ ẹrù yẹn, mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ mú bírò pupa, kẹ́ ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ara èèyàn ti ṣe nǹkan. Nínú ìtàn wa, ẹ ó rí i pé Dókítà Grimesby Roylott ju alágbẹ̀dẹ abúlé kọjá ògiri sínú odò. Ẹ ó rí i pé ó ti lu ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ pa ní Íńdíà. Ẹ ó rí àpá ìka mẹ́rin àti àtàǹpàkò lọ́rùn ọwọ́ Helen Stoner, ọmọ ìyàwó rẹ̀. Ó wá bá Holmes nílé, ó fi ọwọ́ lásán tẹ irin ìkoná kọrọdọ láti fi dẹ́rù bà á. Bó ṣe jáde tán, Holmes mú irin náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ ó rí ẹranko cheetah àti ìnàkí tí wọ́n ń jẹ̀ kiri nínú ọgbà lóru. Ẹ ó rí ọ̀pá Holmes tó ń lu ejò lóru.

Àyẹ̀wò: bí ìlà pupa yín kò bá tó márùn-ún, ẹ pa ìwé yẹn dé, kẹ́ ẹ mú òmíràn. Ìtàn mìíràn wà tó jẹ́ pé orí àga ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Irú rẹ̀ dára fún rédíò.

Ìpele 2: Ẹ kọ ọ̀ràn náà láti ẹ̀yìn ọ̀daràn

Ẹ gbàgbé Holmes fún wákàtí kan. Kí ni Roylott ṣe gan-an, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Ó ń jẹ nínú owó tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Bí ọmọbìnrin èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ ìyàwó náà bá relé ọkọ, apá kan owó yẹn á bá a lọ. Ó lu ihò sí ògiri tó wà láàárín yàrá rẹ̀ àti yàrá tó kàn án, ó so okùn aago kọ́ lẹ́bàá ihò náà láìsí aago kankan lókè, ó kan bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀ kó má bàa kúrò lábẹ́ okùn. Lóru, á ki ejò bọ inú ihò, ejò á gba okùn sọ̀kalẹ̀ sórí ẹni tó sùn. Bó bá tó àkókò, á súfèé, ejò á padà wá mu wàrà, á sì tì í mọ́ inú àpótí irin rẹ̀. Bí Julia, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Helen, ṣe kú nìyẹn nígbà tó ku díẹ̀ kó ṣègbéyàwó. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ó kan Helen. Ìbejì sì ni àwọn méjèèjì. Conan Doyle sọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ ọ́ fún òǹwòran Yorùbá mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ̀jìrẹ́ tó ṣẹ́kù ló sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí ìkejì rẹ̀ kú sí. Ẹ má fi ṣòfò.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣubú: ẹ wá àléébù inú ọ̀ràn náà nísinsìnyí, kó má di ìgbà tí kámẹ́rà bá ti gbéra. Ejò kò ní etí tó hàn síta, súfèé kò sì ní pè é padà. Wàrà kì í sì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn òǹkàwé ti ń fi èyí ta Conan Doyle. Nínú ìwé a lè fojú fò ó, lójú àwòrán kò ní ṣeé fò. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí Roylott máa fi oríkèé ìka kan ògiri pákó, kó, kó, kó, nítorí ejò máa ń mọ ìgbọ̀nrìrì nǹkan lára. Kẹ́ ẹ sì fi eku ààyè rọ́pò wàrà. Ìró kíkàn yẹn wúlò ju súfèé lọ fún ẹni tó ń ṣe fíìmù, ẹ ó rí i.

Àyẹ̀wò: ẹ tan aago, kẹ́ ẹ sọ ọ̀ràn náà fún ara yín ní ìṣẹ́jú méjì. Ibi tí ẹ bá ti sọ pé “ó ṣáà rí bẹ́ẹ̀”, ibẹ̀ ni ihò wà.

Ìpele 3: Ẹ sọ àmì di ìdènà

Ìpele yìí àti èyí tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe.

Ẹ kọ àmì kọ̀ọ̀kan sórí páálí tirẹ̀. Ẹ wá bi páálí kọ̀ọ̀kan pé: ṣé ojú ló ń rí i, ṣé etí ló ń gbọ́ ọ, àbí ẹnu nìkan ló lè sọ ọ́? Èyí tó jẹ́ pé ẹnu nìkan ló lè sọ ọ́, bí iye owó inú ìwé ogún, ẹ jẹ́ kó mọ ní ẹyọ kan.

Nínú ìwé, Holmes wọ yàrá náà lọ́sàn-án. Ó fa okùn aago, ó rí i pé irọ́ ni. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó rí i pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Ó dùn ún kà. Lójú fíìmù, ọkùnrin kan ló ń wo bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé e gba ibòmíràn:

Alẹ́ ni. Roylott ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pákó ilẹ̀ ń dún gbì, gbì. Helen ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ kò yí. Ó sáré di bẹ́ẹ̀dì mú, ó fẹ́ fà á dí ẹnu ọ̀nà. Kò mì. Ó fi èjìká tì í, kò mì. Ó fò mọ́ okùn aago kí ìyá arúgbó tó ń bá wọn tọ́jú ilé lè gbọ́, ó fà á títí, kẹ́kẹ́ pa. Àga onígi kan ló wá fi ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sórí rẹ̀ di àárọ̀.

Òǹwòran kò mọ̀ pé wọ́n ti fi àmì méjì han òun. Ohun tó ń já a láyà ni pé ọmọbìnrin náà há sínú yàrá. Nígbà tí Holmes bá wá kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, òǹwòran ni yóò kọ́kọ́ sọ pé “Áà, abájọ!”

Ẹ wo bí fíìmù 2009 ṣe ṣe tirẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Inú ń bí Watson, ó ń lọ bá Blackwood láti dì í mú. Holmes na ọwọ́, ó dá a dúró. Nígbà náà ni kámẹ́rà tó jẹ́ ká rí abẹ́rẹ́ gíláàsì tín-ín-rín tí Blackwood nà síwájú, tó jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ló kù kó wọ Watson lára. Ohun tí ojú Holmes rí ló gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ là. Ẹnikẹ́ni kò ní láti sọ fún wa mọ́ pé ọkùnrin yìí lójú tó mú.

Ẹ ṣọ́ra fún kámẹ́rà tó bá dúró ti àmì pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tí orin sì ń dún kíkankíkan lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tọ́ka ni. Àmì dáa jù nígbà tí nǹkan mìíràn bá ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó, kó, kó ti ara ògiri yẹn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ọ nígbà tí òjò ń rọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ yí páálí kọ̀ọ̀kan padà, kẹ́ ẹ kọ sẹ́yìn rẹ̀ ẹni tí àmì náà dí lọ́wọ́ àti ohun tó dí i lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀yìn páálí tó pọ̀ bá ṣófo, ẹ kò tíì kúrò nínú ìwé.

Ìpele 4: Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ́ ronú

Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù yẹn. Holmes dé ẹ̀yìn ọlọ́dẹ kan tó gbé fìtílà. Kó tó fọwọ́ kàn án, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, a sì ń gbọ́ ohun tó ń rò. Ọkùnrin yìí gbé orí sí apá òsì, etí rẹ̀ kan kò gbọ́ dáadáa, ibẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ lù. Ọ̀nà ọ̀fun ló kàn, kó má lè kígbe. Ọ̀mùtí ni, ẹ̀dọ̀ ni kí n wá. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì, orúnkún rẹ̀ ni kí n fi ẹ̀ṣẹ́ gbá. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ tún wá ṣẹlẹ̀ bó ṣe yẹ kó yá tó, pá, pá, pá, ọlọ́dẹ ti na gbalaja.

Kò sí ẹ̀ṣẹ́ kan níbẹ̀ tí kò ti ara ohun tí ojú rí wá. Ìwádìí ni, ọwọ́ ló fi kọ ọ́. Òǹwòran sì jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: ó rí èrò náà, ó tún rí i kó ṣẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọn kò ṣe jẹ́ kó sú wa. Wọ́n tún un ṣe níbi ìjà ẹ̀ṣẹ́, níbi tí aṣọ ìnujú kan tí Holmes jù sókè níwájú ọ̀tá ti jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ètò náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé Dredger dìde sí i, òmìrán tó ń sọ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ Holmes kò ran ọkùnrin náà, ohun gbogbo dojú rú, odindi ọkọ̀ já bọ́ sínú odò Thames. Nígbà tó di apá kejì, ní 2011, Holmes àti Moriarty, olórí ọ̀tá rẹ̀, dojú kọ ara wọn lókè omi Reichenbach ní Switzerland, àwọn méjèèjì sì ń ro ìjà kan náà lọ́kàn pa pọ̀. Holmes rí i nínú orí ara rẹ̀ pé èjìká òun tó ti fara pa kò ní jẹ́ kí òun borí. Ẹnikẹ́ni kò tíì na ọwọ́, ìjà sì ti parí. Idán kan náà ni, ṣùgbọ́n ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tuntun tó sọ.

Idán yẹn ti di tiwọn. Ẹ má lọ ṣe é bó ṣe rí. Ohun tí ẹ lè mú ni ìbéèrè mẹ́ta tó wà lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí páálí ìjà kọ̀ọ̀kan: Kí ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò mọ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀? Kí ló mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kí ló pàdánù? Kí ni a ti rí lára ọ̀tá yìí tẹ́lẹ̀ tó wá wúlò nísinsìnyí?

Ẹ jẹ́ ká dán an wò lórí irin ìkoná Roylott. Nínú ìwé, Helen ti wá, Holmes sì ti rí àpá ìka lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Helen kò fẹ́ sọ púpọ̀. Ìbéèrè wà nílẹ̀ nígbà náà: ọwọ́ ta ni? Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́:

ROYLOTT: Èwo nínú yín ni Holmes?
HOLMES: Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó.
ROYLOTT: Mi ò jókòó. Ọmọ ìyàwó mi wá síbí. Kí ló sọ?
HOLMES: Ẹ kú òtútù, sà. Ṣé kí wọ́n gbé tíì wá?
ROYLOTT: (Ó di ọrùn ọwọ́ Holmes mú.) Ìwọ! Mo ní kí ló sọ?
(Watson dìde. Holmes fi ojú dá a dúró. Kò fa ọwọ́ rẹ̀ padà.)
HOLMES: Ẹ fún un dáadáa, sà. Ó ku àtàǹpàkò.

Ìgbà yìí ni Roylott tó mú irin, tó tẹ̀ ẹ́, tó jù ú sílẹ̀, tó jáde. Holmes ká apá aṣọ sókè, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tó ti ya àpá ọwọ́ Helen sí. Ìka mẹ́rin, àtàǹpàkò kan, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà bá ara wọn mu. Ìjà kan wáyé, ẹnì kan ṣoṣo ló jà níbẹ̀, a sì mọ ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Gẹ̀ẹ́sì Conan Doyle kò ní “ẹ” àti “ìwọ”. Àwa ní in, ọ̀bẹ ni. “Ìwọ!” ti Roylott ni ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìran yẹn. Bí Holmes bá fi “o” dá a lóhùn, wọ́n ti di ọgbọọgba, ìran náà sì ti bàjẹ́. “Ẹ” àti “sà” ni kó máa fi gún un lọ títí.

Ìjà kejì: ìrìn òru nínú ọgbà. Holmes àti Watson fẹ́ dé ojú fèrèsé Helen. Cheetah wà níta, ìnàkí wà níta. Wọn kò lè yìnbọn, wọn kò lè kígbe, wọn kò lè tan iná, nítorí Roylott á jí. Ẹ wá ní ìlépa tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mí sókè nínú rẹ̀. Kí ni wọ́n rí kọ́ níbẹ̀? Mo fi kún un pé cheetah lé wọn dé abẹ́ fèrèsé Roylott, ó gbóòórùn nǹkan, ó sì fà sẹ́yìn. Nǹkan wà nínú yàrá yẹn tí ẹranko búburú pàápàá ń sá fún.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ara tó ń yá kánkán. Bí wọ́n bá gbá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ọwọ́ ọ̀tún ní ìran kejìlá, kó ṣì máa fi òsì gbé ife tíì ní ìran ogún. Bí ọgbẹ́ kò bá bá ìtàn rìn, kò sí ẹni tí yóò bẹ̀rù ìjà tó ń bọ̀. Bí olówó yín bá sì ní ìjà kò tó, ẹ má fi ìjà tuntun kún un. Ẹ mú èyí tó wà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ohun tí a lè pàdánù níbẹ̀ pọ̀ sí i.

Àyẹ̀wò: ẹ yọ páálí ìjà kan kúrò, kẹ́ ẹ ka ìyókù. Bí ìtàn náà bá ṣì ń rìn geere, ọ̀ṣọ́ lásán ni ìjà yẹn. Ẹ jù ú nù.

Ìpele 5: Ẹ fún Watson níṣẹ́

Nínú ìwé, Watson ló ń sọ ìtàn. Nínú fíìmù, kámẹ́rà ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà bí ẹ kò bá fún un ní òmíràn, á di ẹni tó ń ya ẹnu. Sójà ni, ó fara gbọta ní Afghanistan, dókítà sì ni. Fíìmù 2009 fún un ní ẹjọ́ kan: ó fẹ́ gbé Mary níyàwó kó sì kó kúrò nílé Holmes, Holmes kò sì fẹ́. Nílé oúnjẹ, Holmes bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìgbésí ayé Mary lára aṣọ àti ìka rẹ̀, ó kà á kọjá ibi tó yẹ, Mary da wáìnì sí i lójú, ó bá tirẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ìjà inú fíìmù náà, òun ni mo fẹ́ràn jù, nítorí Holmes ló gba ìlù.

Àyẹ̀wò: ẹ wá ibi kan, ó kéré tán, tí Holmes ì bá kú sí bí Watson kò bá sí níbẹ̀.

Ìpele 6: Ẹ lo ibi tí ẹ wà

Orí Tower Bridge ni ìjà ìkẹyìn fíìmù 2009 ti wáyé, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Lóòótọ́ ni, láàárín 1886 sí 1894 ni wọ́n kọ́ afárá yẹn. Ìdí tí ibẹ̀ fi dára ni pé kò tíì parí: pákó tí wọn kò kàn, ẹ̀wọ̀n tó so rọ̀, àlàfo tí odò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n yẹn náà ló sì pa Blackwood, lẹ́yìn tó ti fi ẹ̀tàn bọ́ lọ́wọ́ okùn ìjọba.

Ẹ kò nílò afárá. Ilé Roylott ní Stoke Moran ti tó: apá kan ti wó, àwọn ferese rẹ̀ ti fọ́, wọ́n sì kó àtẹ̀gùn kọ́lékọ́lé ti ògiri apá kejì bí ẹni pé àtúnṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀. Irọ́ ni àtúnṣe náà, kí Helen lè kúrò ní yàrá rẹ̀ bọ́ sí ti Julia ni. Inú ìwé ni gbogbo èyí wà. Àmì ni, ibi ìjà náà ni. Bí owó yín bá kéré, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí àtẹ̀gùn yẹn.

Ìpele 7: Ẹ dín àlàyé kù

Níbí ni mo ti ń bá fíìmù 2009 jà díẹ̀. Lókè afárá, Holmes tú gbogbo idán Blackwood palẹ̀ fún un níkọ̀ọ̀kan, àwòrán ẹ̀yìn ń sáré kọjá, kẹ́míkà yìí, kẹ́míkà yẹn. Ó yá, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí òǹwòran kò lè dá mọ̀ láéláé.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ọ̀nà tí Blackwood fi yè lẹ́yìn tí wọ́n so ó kọ́ sórí igi. Watson àti Mary ṣí ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n sì bá Holmes tó so rọ̀ láti òkè àjà. Ó ń dán okùn náà wò lára ara rẹ̀ ni. Ó ń ṣàlàyé, ó ń yí bírí bírí lórí okùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dà á láàmú. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ẹ̀kọ́ di ẹ̀fẹ̀.

Fún ìtàn wa, inú òkùnkùn ni kí àlàyé ti bẹ̀rẹ̀. Holmes àti Watson jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì náà láìtan iná. Kó, kó, kó. Holmes ṣá ìṣáná, ó gbé ọ̀pá, ó ń lu okùn aago bí ẹni tó ya wèrè. Watson kò rí nǹkan kan. Ejò padà gba inú ihò lọ, a gbọ́ igbe Roylott láti yàrá kejì. Ohun tó kù láti sọ kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ, nítorí bẹ́ẹ̀dì ti sọ tirẹ̀, okùn ti sọ tirẹ̀. Ẹ má fi orin dí ìdákẹ́jẹ́ tó ṣáájú rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì tí ohunkóhun kò dún nínú fíìmù oníjà a máa mú kí òǹwòran gbọ́ ohùn ọkàn ara rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ ka àlàyé náà sókè pẹ̀lú aago. Bó bá ju àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ, ẹ padà sí Ìpele 3, àmì kan wà tí ẹ kò tíì sọ di ìdènà.

Ìpele 8: Ẹ pe ẹni tí kò ka ìtàn náà

Ẹ kà á sí i létí, kẹ́ ẹ dúró ní kété kí Holmes tó ṣá ìṣáná. Ẹ bi í pé: báwo lo ṣe rò pé Julia kú? Bó bá ní òun kò mọ̀ rárá, ẹ ti fi àmì pa mọ́ jù. Bó bá sọ ejò láìronú, ẹ ti sọ̀rọ̀ jù, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ eku yẹn ló tú yín fó. Ohun tí ẹ ń wá ni ẹni tó máa fajú ro, táá ní, “Ẹ dúró ná. Bẹ́ẹ̀dì yẹn tí kò ṣeé fà…” Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ parí, ẹ má ràn án lọ́wọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ka ìyókù.